Láti Ìtòrì Dé Ẹnu Pápákọ̀ Òfurufú Ìlọrin

Àlímátù lọ́ ẹnu ọ̀rá náà le, ó tẹ̀ ẹ́ po, ó fi rọ́bà dè é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e jókòó sínú páálí. Kò na ẹ̀yìn kí ó tó fa òmíràn. Oòrùn kò tíì yọ tán ní Ìtòrì, ìrì ṣì wà lórí koríko etí àwọn kòtò ẹja, ṣùgbọ́n aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó bu omi sínú ọ̀rá, ó fi àwọ̀n kékeré kó ọmọ ẹja àrọ̀ lé e, ó fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, ó wá ki rọ́bà sílíńdà bọ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rá náà wú títí ó fi le bí bọ́ọ̀lù. Omi kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Gáàsì ọ́síjìn ni ó ń gba ìyókù, òun sì ni ẹja yóò máa fi mí títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Irú sílíńdà tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin ní Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ni, ọwọ́ wọn náà ni ó sì ti yá a.

Láwàlì, awakọ̀ tí òun náà wá láti Láfẹ́nwá, ń to páálí sínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò.

"Ọ̀gá, nǹkan kan ń dùn mí," ó wí. "Ẹja tí kò tó ìka mi máa wọ ọkọ̀ òfurufú lónìí. Èmi rèé, ọmọ ogójì ọdún, mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí."

"Wọ inú ọ̀rá kí n dì ọ́ mọ́ wọn."

"Ẹ ò ní rí rọ́bà tó máa ká mi lẹ́nu."

"Ìyẹn dá mi lójú. Gbé páálí yẹn jẹ́jẹ́. Má wọ́ ọ nílẹ̀."

Ìlọrin ni àwọn ẹja náà ń lọ. Dìran, tí ó ń bójú tó oko ẹja ńlá kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, ni ó fẹ́ rà wọ́n. Kò rà á lọ́wọ́ ará Ẹ̀gbá rí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gba àyè sílẹ̀ fún àwọn páálí náà nínú ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbéra ní Ìkẹjà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ohun tí ó kù fún Àlímátù kò ju pé kí ó kó ẹja dé Ìkẹjà ní àkókò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìrìn àjò náà fún Àlímátù ju ọjà lọ. Ìdílé aláṣọ ni wọ́n bí i sí ní Ìgbẹ̀ìn, ní Abẹ́òkúta. Ìyá àgbà ta aṣọ, bàbá ta aṣọ, Jùbrílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ń ta á di òní olónìí. Nígbà tí Àlímátù sọ pé ẹja ni òun fẹ́ máa sìn, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi sú wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Jùbrílù pè é jókòó níwájú ìyá wọn. Ó ní, "Lọ dán Ìlọrin yẹn wò. Bí ẹja bá débẹ̀ láàyè, mi ò ní bá ọ jà lórí ẹja mọ́. Bí wọ́n bá kú, o ó ti kòtò yẹn pa, o ó padà sí ṣọ́ọ̀bù." Àlímátù ní òun gbà. Kì í sì í ṣe ẹni tí ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ó di ọ̀rá kan sí i, ó wá gbé èyí tí ó kọ́kọ́ dì sókè láti wò ó bóyá ó ń jò. Kò jò. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti ń dà rú. Ìdọ̀tí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ń fò káàkiri láàárín àwọn ọmọ ẹja náà. Ó gbé èkejì wò. Bákan náà ni. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì dúró.

Ó mọ ohun tí ó jẹ́. Láti àárọ̀ àná ni kò ti fún wọn ní oúnjẹ, nítorí ẹja tí yóò rin ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú inú òfìfo. Bí ó bá jẹun, yóò yàgbẹ́ sínú omi ìwọ̀nba tí ó wà nínú rẹ̀, omi náà yóò di májèlé, ọ́síjìn tó wà lórí rẹ̀ kò sì ní lè gbà á. Àwọn ẹja yìí ti jẹun, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ yó.

Ìyá Ọyatọ́lá ń ti ẹ̀yìn ilé bọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló ni ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kòtò ẹja sí. Ní òwúrọ̀ gbogbo, yóò gbá iwájú ojúbọ Ọya ilé wọn kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá fi gbá a tán, Àlímátù náà á ti kírun tán ní etí kòtò, wọn a sì wá kí ara wọn.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ta ló fún àwọn ẹja yìí lóúnjẹ?"

"Èmi ni," ni Ìyá Ọyatọ́lá dáhùn. "Kí o tó dé. Mo bù ún fún wọn dáadáa, má ṣèyọnu."

"Kí ló dé tí ẹ fún wọn, Màmá?"

Ìyá wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ìdí tí ènìyàn fi ń wẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo sọ pé Ìlọrin ni wọ́n ń lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wọ ilé yìí, ẹnikẹ́ni kì í ti ibí gbéra ìrìn àjò láìjẹun. Àlejò ni o, ọmọ ni o. Ewúrẹ́ tí a ó bá fà lọ sọ́jà pàápàá, a ó fún un ní èèpo iṣu. O fi ebi pa àwọn ọmọ ẹja yẹn láti àná, mo kàn ń wò ọ́ ni. Mo ní bóyá iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn tí o fi gbàgbé."

Láwàlì kọjú sí ara bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, Àlímátù ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ tó le. Ó gbé e mì. Ó ti kọ́ gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti ń múra ẹja sílẹ̀ fún ọ̀nà, àfi ẹni tí ń sùn tí ń jí lẹ́bàá kòtò. Àlímátù fúnra rẹ̀ ló sì jẹ̀bi ìyẹn.

"Màmá, ẹja tó bá jẹun á yàgbẹ́ sínú omi. Inú omi yẹn náà ló sì wà títí dé Ìlọrin."

"Inú ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń yà á sí?"

"Wọn ò ní ibòmíràn."

"Wọn ò lẹ́kọ̀ọ́," ni Ìyá Ọyatọ́lá wí. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Mo ti bà á jẹ́ nìyẹn, Àlímátù."

"Kò tíì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Ó jókòó lé etí kòtò. Ẹja tí inú rẹ̀ ṣófo lè wà nínú ọ̀rá láti àárọ̀ di alẹ́. Èyí tó ti jẹun kò ní rí tó ìdajì ìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò sọ pé ọkọ̀ òfurufú ló yẹ kí wọ́n sáré bá, nítorí òun ló yá jù. Àlímátù rìn ín lọ́kàn rẹ̀. Láti Ìtòrì, wọn yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá Èkó, wọn yóò bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé kí wọ́n tó dé Ìkẹjà. Wọn yóò wọn ẹrù, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò gbé e kalẹ̀ kí ó dúró de ọkọ̀. Ọkọ̀ yóò fò fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, lóòótọ́. Wọn yóò tún dúró kí wọ́n tó já ẹrù ní Ìlọrin. Nínú gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan ẹja. Bí omi bá bàjẹ́ nínú ilé ẹrù, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀? Wọn kò sì ní jẹ́ kí ó gbé sílíńdà gáàsì wọ ọkọ̀ òfurufú láéláé.

Ṣùgbọ́n mọ́tò ṣeé dá dúró. Ibi tó bá wu onímọ́tò ló lè dúró sí, kí ó ṣí páálí, kí ó da omi búburú nù, kí ó bu tuntun.

Ó dìde. "Láwàlì, gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nílé yìí, kó o wá. Omi kòtò ni a ó pọn sínú wọn. A ó gbé sílíńdà dání. Ọ̀nà Ìbàdàn là ń gbà."

"Kí la ó wá ṣe sí ọkọ̀ òfurufú?"

"Yóò fò láìsí wa."

Ìyá Ọyatọ́lá ni ó kọ́kọ́ ki kẹ́ẹ̀gì bọ omi. Ó fi gèlè orí rẹ̀ sẹ́ omi náà kí pàǹtí má bàa wọ̀ ọ́, kò sì jẹ́ kí Láwàlì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun.

Àlímátù tẹ Dìran láago. Kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un.

"Ẹja tó ti jẹun ni ẹ fẹ́ gbé gba orí ilẹ̀?" ni Dìran wí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà dunni jù. "Mádàámú, mo ti wo ọ̀nà méjèèjì dáadáa kí n tó sanwó àyè yẹn. Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sí ti Ìlọrin, lójú òfurufú, kò pé àádọ́talénígba kìlómítà. Bí ènìyàn bá fi mọ́tò rìn ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún. Ọkọ̀ òfurufú ò ní lo wákàtí kan. Èwo ló yá nínú méjèèjì?"

"Ọkọ̀ òfurufú ló yá fún ẹni tó bá ń gbé nínú pápákọ̀. Èmi ò sin ẹja ní Ìkẹjà."

"Ṣebí Ìkẹjà ò jìnnà sí Ìtòrì."

"Ẹ̀yìn mi ni Ìkẹjà wà, Bọ̀dá Dìran. Iwájú mi ni Ìlọrin wà. Ẹ ń sọ pé kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn rìn kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò."

Dìran yí ọ̀rọ̀ padà. "Omi ti wà nínú táńkì níbí, kò lè dúró di ọ̀la. Bí ẹ bá kó òkú ẹja dé, mi ò ní gbà á, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni màá sì ti máa rà títí lọ. Ẹ ò ní sọ pé mi ò sọ fún yín."

"Mo gbọ́. Ẹ máa retí mi."

Wọ́n gba inú Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì já sí ọ̀nà Ìbàdàn. Láwàlì mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà bí ẹni mọ yàrá rẹ̀. Àlímátù kò jókòó níwájú. Ó wà lẹ́yìn láàárín àwọn páálí, ó ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀sì bá fò díẹ̀, yóò pe orúkọ awakọ̀.

"Láwàlì."

"Ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo gbẹ́ kòtò yẹn."

"Ìwọ lo wọ inú rẹ̀."

"Bí mo bá rọra jù, ẹ ó ní ẹja ń kú. Bí mo bá sáré, ẹ ó ní mò ń gbọ̀n wọ́n. Ẹ kúkú bọ́ síwájú kí ẹ wà á."

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n wà, ṣé màá gbà ọ́ síṣẹ́?"

Nígbà tí wọ́n fi kọjá Ìbàdàn, omi inú ọ̀rá ti pọ́n, ó sì ti ń yọ ìfófò. Àwọn ọmọ ẹja ti fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn kó ẹnu sókè. Bọ́ọ̀sì tún fò, Àlímátù kò pe orúkọ Láwàlì. Nínú ọ̀rá kan, ọ̀pọ̀ ẹja ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àlímátù rí ṣọ́ọ̀bù Ìgbẹ̀ìn lójú inú rẹ̀, àpótí ìjókòó ẹ̀yìn káńtà, Jùbrílù tí kò ní bú u, tí yóò kàn na ọ̀pá ìwọn aṣọ sí i kí ó gbà á. Ó mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ ló wà níwájú òun.

"Ibi tí a bá ti rí ibòji ní Ọ̀yọ́, dúró."

Abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ni wọ́n dúró sí. Àlímátù ti fò sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ táyà tó dúró dáadáa. Ó kí bàbá kan tó jókòó níbẹ̀, ó tọrọ àyè, bàbá náà ní kí ó ṣe bí ó ti fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú rọ́bà, kò já a, nítorí yóò tún lò ó. Ó fi àwọ̀n dí ẹnu ọ̀rá, ó da omi búburú sí ìdí igi máńgòrò, ó ní kí Láwàlì bu omi kòtò sí i díẹ̀díẹ̀, ó ṣa òkú kúrò, ó fún afẹ́fẹ́ dànù, ó ṣí gáàsì, ó dè é. Ó fa òmíràn.

Bàbá tó jókòó sún mọ́ wọn. "Kí lẹ ń ṣe fún wọn, ọmọ mi?"

"Mò ń pààrọ̀ omi wọn, bàbá. Ọ̀nà wọn ṣì jìn."

"Láti ibo?"

"Ẹ̀gbá."

"Tí ẹja Ẹ̀gbá fi ń gba Ọ̀yọ́ kọjá lọ síbo? Ṣé kò sí ẹja níbi tí wọ́n ń lọ ni?"

"Kò sí irú tiwa, bàbá."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó bá wọn di ẹnu ọ̀rá kan mú títí wọ́n fi parí.

Ọ̀rá tí ẹja rẹ̀ ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni Àlímátù fi ṣe ìkẹyìn. Ó pín in sí méjì kí àyè lè gbà wọ́n. Ó gbé ọ̀rá méjèèjì lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rọra ń mì wọ́n kí ọ́síjìn lè wọ inú omi. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan yí ara padà. Òmíràn ta ìrù. Kí Láwàlì tó kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sínú ọkọ̀, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ti wálẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi, níbi tí ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ yá máa ń wà.

"Wà á," ni Àlímátù wí.

Wọ́n kọjá Ògbómọ̀ṣọ́. Pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀ yìí, ẹni tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ yóò kàn án kí ó tó wọ ìlú. Kò pẹ́ tí wọ́n rí ọgbà rẹ̀ ni wọ́n yà sí oko tí Dìran ti ń dúró. Ọkùnrin gíga ni, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Kò wo ojú wọn. Páálí ni ó ń wò. "Ẹ tú wọn sínú táńkì kí á rí wọn."

"Rárá," ni Àlímátù wí. "Ẹ kú ilé o. A ó fi ọ̀rá léfòó lórí omi táńkì ná, láìtú u. Omi tiwa gbóná ju tiyín lọ. Bí a bá dà wọ́n sí i báyìí, òtútù òjijì á pa èyí tí ọ̀nà ò pa."

"Mo rò pé ẹ ń sáré."

"Mo sáré lójú ọ̀nà. Mo ti dé."

Wọ́n to àwọn ọ̀rá náà sórí omi. Wọ́n léfòó níbẹ̀, wọ́n ń dán. Dìran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lókè, tí ó ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ òfurufú kan gba orí oko náà kọjá, ó ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn igi.

Dìran wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ti Ìkẹjà nìyẹn."

"Ẹja wa ni ì bá wà nínú rẹ̀," ni Láwàlì wí. "Ẹ bá wa kí wọn bí wọ́n bá já ẹrù wọn tán. Ẹ ní àwọn ará Ìtòrì ti ń sinmi."

Dìran gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un.

Nígbà tí Àlímátù fi ọwọ́ kan omi méjèèjì tí ó sì rí i pé wọ́n ti dọ́gba, ó tú ọ̀rá àkọ́kọ́, ó sì tẹ ẹnu rẹ̀ sínú omi. Kò dà wọ́n jáde. Ó jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn jáde. Wọ́n jáde bí èéfín dúdú, wọ́n tàn ká ìsàlẹ̀ táńkì. Ó tú èkejì, ó tú gbogbo wọn. Òkú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni, ó sì ṣa wọ́n fúnra rẹ̀ kí Dìran tó nawọ́ sí i.

Dìran na àtẹ́lẹwọ́ sórí omi. Kíá, àwọn ẹja náà tú ká kúrò lábẹ́ òjìji ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n kó jọ. Ó tún nà án, wọ́n tún tú ká. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni tí ń ṣeré.

"Èyí tí mo ń rà tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá dé, ọjọ́ kejì ni ara wọn máa ń yá tó báyìí," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn tí mo sọ láàárọ̀, ẹ má fi sínú."

"Ohun tó yẹ kí oníbàárà sọ lẹ sọ."

"Ní oṣù méjì sí i, mo fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é."

"Ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà?"

"Èyí tí mo gbà lónìí. Ẹ má tún sanwó òfurufú lásán. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi gba àyè yẹn, ẹ fi kọ́ táńkì kan sí i."

Ó kúrò díẹ̀ lẹ́bàá wọn, ó sì pe Jùbrílù ní Ìgbẹ̀ìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán. Wọ́n ti wà nínú omi ní Ìlọrin. Láàyè."

Inú ṣọ́ọ̀bù ni Jùbrílù wà. Àlímátù gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnìkan tó ń bèèrè iye ọ̀pá. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú kúrò lára fóònù, tí ó ń sọ fún oníbàárà náà pé, "Ẹ ní sùúrù. Àbúrò mi obìnrin ló ń pè mí láti Ìlọrin. Òun ló ń pèsè ẹja fún wọn níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo wà níbí. Kú iṣẹ́, Àlímátù. Wá jẹun nílé lálẹ́, màá sọ fún Ìyá."

Ó ti fóònù náà sínú àpò. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dúró, ó wo omi náà, kò sì ṣe ohun kan. Lẹ́yìn náà ni ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fọ àwọn ọ̀rá tí kò lu, ó gbọn omi wọn dànù, ó ká wọn. Ó ṣa rọ́bà sínú agolo. Ó rí i pé Láwàlì de sílíńdà mọ́ ara bọ́ọ̀sì, ó fa okùn náà wò, ó tún un dè. Dìran ní kí wọ́n dúró jẹun, Àlímátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀nà Abẹ́òkúta jìn, ilé sì ń retí òun.

Ní ìrìn yìí, iwájú ni ó jókòó sí. Láwàlì ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n jáde lẹ́nu géètì, wọ́n sì yà sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.